Ọmọ Tí Kò Tètè Sọ̀rọ̀ àti Ẹni Tó Ní Òun Mọ Oògùn Rẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fún mi sọ kò rọrùn, nítorí pé ó kan iṣẹ́ ọwọ́ àwa fúnra wa. Ó dá lórí ọmọ tó ní autism: ẹni tí a pè tí kò wojú ẹni, tí ọ̀rọ̀ pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, tí ariwo díẹ̀ ń dà láàmú. Ọdún 1943 ni Leo Kanner, oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa 11 irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Títí dòní, kò sí oògùn kan tí ẹ̀rí fi hàn pé ó ń mú un kúrò.

Ní bí ọdún 10 sẹ́yìn, ìyá kan gbé ọmọ ọdún 4 wá bá mi. Mo dá Ifá, a rú ẹbọ. Lẹ́yìn náà ni mo fi àgúnmu kún un, èyí tí Ifá kò rán mi. Nígbà tó di oṣù kẹta, ọmọ náà pe “màámi”. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó sì mú ìyá méjì mìíràn wá. Mo gba owó wọn. Ọmọ ti àwọn yẹn kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé àbúrò ìyá ọmọ àkọ́kọ́, tí í ṣe olùkọ́, ń jókòó tì í láràárọ̀, ó ń fi àwòrán kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀. Ọmọ náà sì ti fi oṣù mẹ́ta dàgbà. Àgúnmu mi ló wá gba ọpẹ́.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àwọn oníṣègùn òyìnbó. Ní 1998, ìròyìn tàn ká Amẹ́ríkà pé abẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ secretin ti mú ọmọ sọ̀rọ̀. Ní 1999, àwọn olùwádìí kó ọmọ 60 jọ: wọ́n fún apá kan ní secretin, wọ́n fún apá kejì ní omi iyọ̀, òbí kankan kò sì mọ èyí tí ọmọ tirẹ̀ gbà. Secretin kò ṣe ju omi iyọ̀ lọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyí: nígbà tí àwọn òbí gbọ́ àbájáde, 69 nínú 100 wọn ní àwọn ṣì ń fẹ́ secretin.

N kò bú wọn. Ìyá tí kò rí oorun sùn, tí àwọn ará ilé ọkọ ń pe ọmọ rẹ̀ ní àbíkú, ẹni tó bá sọ fún un pé “ọjọ́ 21 péré ni” ti fún un ní ohun tí dókítà kò ní: ó ti dá ọjọ́ tí ìyà yóò tán. Ọjọ́ yẹn ló ń rà, kì í ṣe oògùn. Ọjà náà sì léwu. Ní 2005, ọmọ ọdún 5 kan kú ní Pennsylvania níbi tí wọ́n ti ń fi oògùn sí i lára láti fọ irin kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábà ní ẹ̀ka ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Òṣòdì, nítòsí wa níbí. Irú ibẹ̀ kì í dá ọjọ́. Ẹ̀kọ́ díẹ̀díẹ̀ ni iṣẹ́ náà, kí a sì tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin awo, ẹ bá ìyá náà dá Ifá, ẹ bá a bọ orí ọmọ rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kí ẹ sì júwe Òṣòdì fún un. Owó oògùn ni kí ẹ má gbà.

Ní ti àwọn ìyá méjì yẹn, mo ti dá owó ọ̀kan padà. Èkejì ti kó kúrò ní estate kí n tó mọ ohun tí mo ṣe.