Iye Tí Garawa Omi Kan Ń Náni Ní Ọjà'ba

Bí wọ́n bá bi yín pé èló ni garawa omi kan ní Bẹẹrẹ, ní Ìbàdàn, owó tí ẹ kà lé mẹ́rúwà tó ń ta omi lọ́wọ́ lẹ máa dá. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tó yan ọ̀rọ̀ ìlú àti omi láàyò kò ní jẹ́ kó tán síbẹ̀. Yóò ṣírò wákàtí tí ọmọ fi tò sídìí kànga, owó dúróòmù tí ẹ fi ń pọnmi pamọ́, àti owó oògùn ọmọ tí omi kànga dà nínú rú, nítorí ṣáláńgá kò jìnnà sí kànga náà.

Kí ló dé tí omi ẹ̀rọ kì í fi í dé Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba dáadáa? Wọ́n sé odò Ọ̀nà ní Ẹlẹ́yẹlé ní 1942, wọ́n sì tún sé odò Ọ̀ṣun ní Àsẹ́jírẹ́ nígbà tó yá. Ẹ̀rọ ló ń ti omi náà gòkè. Bí iná bá lọ, tàbí tí páìpù bẹ́, ibi gíga lomi ti ń kọ́kọ́ dá, Òkè Màpó tó wà níbẹ̀ sì ga. Àwọn agboolé ibẹ̀ ti wà kí omi ẹ̀rọ tó dé: ògiri kan ògiri, ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró ló wà láàárín. Páìpù ńlá a máa gba ẹ̀bá títì lọ. Kó tó wọ inú lọ́hùn-ún, ó lè gba pé kí wọ́n wó ilé onílé.

Ìdíwọ́ tó le jù wà nínú owó. Odò tí wọ́n sé, ibi tí wọ́n ti ń ṣe omi ní mímọ́, páìpù abẹ́ ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti jẹ owó kí garawa àkọ́kọ́ tó kún. Ìdílé kan ni ó mu ún o, ẹgbẹ̀rún ìdílé ni o, owó yẹn kò dín. Bí àwọn tó ń san án bá pọ̀, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan á kéré. Ṣùgbọ́n bí omi kò bá wá déédéé, ará ilé á kọ̀, kò ní sanwó. Owó tí kò wọlé ni kì í jẹ́ kí wọ́n tún páìpù ṣe. Omi á tún wá dín sí i. Olówó á gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àgbàlá rẹ̀, á yọwọ́. Tálákà ló kù sọ́dọ̀ mẹ́rúwà, níbi tí omi ti wọ́n ju omi ẹ̀rọ lọ. Ó dùn mí púpọ̀ pé ẹni tí kò ní ló ń ra omi wọ́n jù.

Àwọn tó la ọ̀nà irú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ìlú yìí kò jìnnà sí wa. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀jẹ́túnjí Abọ́yadé, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògúnjẹ́, onímọ̀ jọ́gíráfì, jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Mábògúnjẹ́, tó tẹ ìwé Urbanization in Nigeria jáde ní 1968, ló fi hàn pé ọkàn méjì ni Ìbàdàn ní: Ọjà'ba àtijọ́, àti Gbági tó dìde lẹ́yìn tí rélùwéè dé. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá mọ èyí kò lè mọ ìdí tí páìpù fi ṣojúure sí apá kan ju èkejì lọ. Omi tó pọ̀ jù náà wà nínú irú ìmọ̀ yìí: ní 31 Oṣù Kẹjọ 1980, odò Ògùnpa ní Ìbàdàn kún, ó gbé èèyàn àti ilé lọ, bẹ́ẹ̀ ìdọ̀tí tó dí ojú odò wà lára ohun tó fà á.

Ẹni tó bá fẹ́ di irú onímọ̀ bẹ́ẹ̀, kókó kan ṣoṣo ni yóò mú, á fi ọdún mélòó kan tọ ilé dé ilé kó tó gboyè ọ̀mọ̀wé. Lẹ́yìn náà ni kíkọ́ni àti àpilẹ̀kọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á yẹ̀ wò, títí yóò fi di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Bí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ bá kan ilẹ̀kùn ní àdúgbò Beyerunka ní Ìbàdàn, kì í kọ́kọ́ béèrè owó.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ta ló pọnmi lónìí?"

"Ọmọ mi obìnrin ni. Aago márùn-ún ló ti jáde."

Á kọ ọ́ sílẹ̀, á wá béèrè aago tí ilé ìwé ọmọ náà ń wọlé.