Òfin Owó Orí Tuntun: Kí Ló Kan Ẹni Tó Ń Ṣòwò Nínú Ilé l'Ọ́wọ̀ àti Ọ̀sẹ́?

Ọjọ́ kìíní oṣù January 2026 ni òfin owó orí tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ààrẹ Bola Tinubu ti buwọ́ lù ú láti 26 June 2025. Kó tó bẹ̀rẹ̀, àhesọ gba ìgboro pé ìjọba fẹ́ máa yọ owó tààrà nínú àpò àwọn ènìyàn ní báǹkì. Ìgbìmọ̀ àtúnṣe owó orí tí Taiwo Oyedele jẹ́ alága rẹ̀ nígbà náà jáde, wọ́n ní kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀rù náà kò tíì kúrò lára àwọn tó fi ilé ṣe ibi iṣẹ́: aránṣọ tó gbé maṣín-ìn sí pálọ̀ l'Ọ́wọ̀, ìyá tó ń yan gaàrí lẹ́yìnkùlé ní Ìfọ́n, ọ̀dọ́ tó ń ta bàtà lórí WhatsApp ní Ìdóàní. Èrò tèmi ni pé òfin yìí ṣàánú irú àwọn bẹ́ẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, àmọ́ ọ̀dọ̀ ẹni tó lè fi ìwé gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ni àánú náà máa dé. Iye tí ìjọba fẹ́ gbà kọ́ ló yẹ kó máa kó wa láyà sókè jù. Àìní àkọsílẹ̀ ni.

Ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń gba kí ni. Ẹni tó forúkọ òwò lásán sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò àti kọ́ńpìnnì sílẹ̀, tàbí tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ rárá, òun àti òwò rẹ̀ ọ̀kan náà ni lójú òfin. Èrè òwò náà ni owó tó wọlé fún un, ilé iṣẹ́ agbowó-orí Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ODIRS, ló sì máa san owó orí rẹ̀ fún. Ẹni tó dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ ní tirẹ̀ yóò máa jíhìn fún Nigeria Revenue Service, èyí tó rọ́pò FIRS, agbowó-orí ìjọba àpapọ̀ tẹ́lẹ̀. Kọ́ńpìnnì tí ọjà tó ń tà lọ́dún kò bá ju ₦100 mílíọ̀nù lọ, tí dúkìá rẹ̀ kò sì ju ₦250 mílíọ̀nù lọ, kò ní san owó orí kankan lórí èrè rẹ̀, àyàfi tó bá jẹ́ ti àwọn amọṣẹ́dunjú bí agbẹjọ́rò àti aṣirò owó. Nínú òfin ti 2019, ₦25 mílíọ̀nù ni ààlà náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ dáadáa ni pé àìsan owó orí kò túmọ̀ sí àìjíhìn. Kọ́ńpìnnì tó jẹ́ òdo ni yóò san ṣì gbọ́dọ̀ fi ìṣirò ọdún rẹ̀ sílẹ̀, owó oṣù tí onílé iṣẹ́ bá sì ń gbà nínú rẹ̀ ní owó orí tirẹ̀.

Orí ẹni tó ń dá òwò ṣe ni mo fẹ́ dúró sí, nítorí irú wọn ló pọ̀ jù lágbègbè wa. Òfin tuntun sọ pé ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí wọ́n fẹ́ ṣírò owó orí lé lórí kò ní owó orí. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà lórí ₦2.2 mílíọ̀nù tó tẹ̀ lé e, ìdá 18 sì ni lórí ₦9 mílíọ̀nù tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. Ẹni tó bá ń gbé ilé àyágbé lè yọ ìdá 20 owó ilé rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó ṣírò, bí kò bá ti ju ₦500,000 lọ. Ká wá mú obìnrin kan tó ń dín ṣinṣín, tó ń yan mítì páì nínú ilé àyágbé l'Ọ́wọ̀, tó ń kó o fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kàwé ní Rufus Giwa Polytechnic. Ká sọ pé ọjà ₦3,600,000 ló tà lọ́dún kan. Fúláwà, ṣúgà, òróró, ẹyin, gáàsì, lẹ́dà àti owó ọkọ̀ gba ₦2,300,000 nínú rẹ̀. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦1,300,000. Owó ilé rẹ̀ jẹ́ ₦300,000, ó yọ ₦60,000 nínú èrè náà, ó ku ₦1,240,000. Yọ ₦800,000 tí kò ní owó orí, ó ku ₦440,000, ìdá 15 rẹ̀ sì jẹ́ ₦66,000. Ṣùgbọ́n ká ní kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, tí kò ní rìsíìtì kan lọ́wọ́, tó sì jẹ́ gbogbo owó tó wọ báǹkì rẹ̀ ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀. Lórí ₦3,600,000, owó orí náà di ₦438,000. Ìyẹn lé ní ìlọ́po mẹ́fà ti àkọ́kọ́, ó sì ju ìdá kan nínú mẹ́ta èrè rẹ̀ lọ. Obìnrin kan náà ni, ọjà kan náà ni.

Ewu yìí tún le sí i fún ẹni tó ń ṣe é nínú ilé, torí pé owó ilé àti owó ọjà a máa wọnú ara wọn. Báǹkì kan ṣoṣo ni owó ọjà ń gbà wọlé, òun náà ni owó àjọ, owó tí ẹbí dá fún ìsìnkú, àti owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti London ń gbà. Lọ́dún kan lẹ́yìn náà, ta ló máa rántí èwo lèwo? Òfin kò gbà kéèyàn yọ ìnáwó ilé kúrò nínú èrè. Ohun tó jẹ́ ti òwò pátápátá ló gbà. Gáàsì tí wọ́n fi se ọbẹ̀ alẹ́ kì í ṣe ìnáwó òwò, àmọ́ sìlíńdà tó jẹ́ ti iṣẹ́ nìkan, tí rìsíìtì rẹ̀ wà, kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀. Ààrò tàbí fíríìsà tí wọ́n rà fún iṣẹ́ kò ṣe é yọ tán lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún ni wọ́n ń yọ ọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣòwò láti ilé, ìjọba ti ní iye kan lọ́wọ́: ẹni tó bá fi wákàtí 25 sí 50 ṣiṣẹ́ nínú ilé lóṣù lè yọ £10, ti 51 sí 100 jẹ́ £18, ẹni tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ yọ £26, kò sì ní láti máa pín owó iná sí méjì. Ó wù mí kí àwọn aṣòfin wa ṣe irú rẹ̀. Títí wọn ó fi ṣe é, ìwé onílé iṣẹ́ ni ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Àwọn kan á ní, bí mo bá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ṣé kì í ṣe pé mo ń fi ara mi hàn fún agbowó-orí ni? Ìfura yìí ní ìdí. Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dìde sí ìjọba nínú ogun Àgbẹ̀kọ̀yà. Lára ohun tó bí wọn nínú ni pé iye kan náà ni wọ́n bù lé àgbẹ̀ kékeré lórí, yálà kòkó tà tàbí kò tà, títí ìjọba fi já a wá sí £2. Owó orí tí kò bi ẹni tó ń san án léèrè ohun tó ná ni wọ́n bá jà. Òfin tó wà nílẹ̀ báyìí ń béèrè, àìdáhùn wa ló sì máa dá wa padà síbi tí àwọn baba wa ti sá kúrò. Ìfarapamọ́ pàápàá ti ń ṣòro. NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ti di nọ́ńbà owó orí èèyàn, ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í sì í san owó lọ́wọ́ mọ́, fóònù ni wọ́n fi ń fi í ránṣẹ́.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ẹni tó ní òun ti ń sanwó tó. Ìjọba ìbílẹ̀ ń gba owó ṣọ́ọ̀bù, ọjà ń gba tirẹ̀, àwọn kan tí kò ní ìwé àṣẹ náà ń gba tiwọn, ọ̀nà kò sì dára. Òótọ́ ni, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Owó orí tiẹ̀ ti ṣe ohun rere fún wa rí: Ọ̀wọ̀ kan náà ni wọ́n ti ṣí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group lójú gbogbo ayé ní 28 April 1951, ọmọ Ọ̀wọ̀, Michael Adékúnlé Ajáṣin, sì wà nídìí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1955. Owó orí wà lára ohun tó gbé ètò náà ró. Àwọn tó ń béèrè ohun tí wọ́n ń fi tiwọn ṣe lónìí kò jẹ̀bi. Àmọ́ àìkọ̀wé kò fìyà jẹ ìjọba, ẹni tó ń tajà ló ń jẹ. Owó tó bá san fún ìjọba ìbílẹ̀ nítorí òwò rẹ̀, ìnáwó òwò ni, bó bá gba rìsíìtì rẹ̀. Tí wọ́n bá sì bu owó orí tí kò tọ́ lé e, òfin tuntun ti dá ọ́fíìsì Tax Ombud sílẹ̀ fún ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n kí ló máa gbé lọ síbẹ̀ bí kò bá ní ìwé?

Àkọsílẹ̀ náà kò le. Ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé kan tó: ojú ewé ọ̀tún fún owó tó wọlé, ti òsì fún owó tó jáde, pẹ̀lú ọjọ́, nǹkan tí wọ́n rà, àti iye rẹ̀. Àní ₦50 tí báǹkì ń yọ bí a bá fi ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́, kọ ọ́, torí láti January 2026 ọwọ́ ẹni tó fi í ránṣẹ́ ni wọ́n ti ń gbà á. Ìyá tí kò mọ̀wé lè pe ọmọ rẹ̀ lálaalẹ́ kó bá a kọ ọ́. Ohun tí mo kà sí pàtàkì jù ni kéèyàn ṣí báǹkì ọ̀tọ̀ fún òwò, kó máa san iye kan fún ara rẹ̀ lóṣooṣù, kó má fi ọwọ́ kan ìyókù. Ọ̀pọ̀ tó rò pé òun ń jèrè, ojú owó ni wọ́n ń jẹ, wọn kò sì mọ̀ títí kò fi sí owó láti ra ọjà mìíràn.

31 March 2027 ni ọjọ́ ìkẹyìn láti fi ìṣirò ọdún 2026 sílẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kó kọjá, ìtanràn oṣù àkọ́kọ́ jẹ́ ₦100,000, oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e jẹ́ ₦50,000, ìyẹn sì lè ju owó orí gan-an lọ fún obìnrin oníṣinṣín tí a ṣírò rẹ̀ lókè. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò nínú ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró di oṣù March kí ẹ tó wá rìsíìtì. Ẹ ra ìwé náà lọ́sẹ̀ yìí.