RAID wo ló yẹ kọ̀ǹpútà ìpamọ́ inú ilé?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní ẹ̀ka yìí ló ń kó ohùn tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, àwòrán ẹbí àti iṣẹ́ àpilẹ̀kọ sí orí kọ̀ǹpútà kan nílé, tí gbogbo ará ilé ń gba orí Wi-Fi lò. Kò sí dísìkì tí kò ní kú lọ́jọ́ kan. A lè ra dísìkì mìíràn, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó ki oríkì ìdílé fún wa lọ́dún tó kọjá lè ti lọ, a kò sì ní lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká mọ ohun tí RAID lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Oríṣiríṣi RAID

Ní ọdún 1988, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ti Yunifásítì California ní Berkeley ṣàlàyé bí ọ̀pọ̀ dísìkì tí owó wọn kò wọ́n ṣe lè ṣe iṣẹ́ dísìkì ńlá olówó gọbọi. Wọ́n pe ètò náà ní RAID. Ẹ jẹ́ ká sọ pé owó dísìkì 3 la ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 4 TB.

RAID 0 ń pín fáìlì sí wẹ́wẹ́ ká orí gbogbo dísìkì. Àyè 12 TB la ó rí, ó sì yá. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ kan bá kú, gbogbo rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

RAID 1 ń kọ ohun kan náà sórí dísìkì 2, bí ìbejì tó wọ aṣọ kan náà. Àyè 4 TB péré la ó rí lò, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa bá iṣẹ́ lọ.

RAID 5 ń lo dísìkì 3 ó kéré tán. Ẹ wò ó báyìí: ti kìíní gbé 7, ìkejì gbé 5, ìkẹta gbé àròpọ̀ wọn, 12. Bí ìkejì bá kú, a ó yọ 7 kúrò nínú 12, 5 á sì padà wá. Ìṣirò XOR ni kọ̀ǹpútà ń lò gan-an, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Àyè 8 TB la ó rí.

RAID 6 lè fara da ikú dísìkì 2, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ dísìkì 4.

Ọjọ́ tí dísìkì bá kú

Lójú owó, RAID 5 ló dà bíi pé ó dára jù. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá kú tí a sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ka gbogbo méjì tó kù tán kó tó lè ṣírò èyí tó sọnù. Bí ó bá ń kọ 150 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 4 TB á gbà ju wákàtí 7 lọ. Bí òmíràn bá kú láàárín àkókò yẹn, ó parí. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan náà la rà wọ́n, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì jọ ń ṣe. Ní ti RAID 1, dísìkì kan péré ni kíkà, ẹ̀dà lásán la ó sì dà kọ.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. Bí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí RAID 5 ti sọ 7 di 9 ṣùgbọ́n tí kò tíì tún àròpọ̀ kọ, àròpọ̀ náà ti di irọ́, a sì lè má mọ̀ títí di ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀. ZFS, tí Sun Microsystems gbé jáde ní 2005, yẹra fún èyí nítorí pé kì í kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Síbẹ̀, ẹ má lo kọ̀ǹpútà ìpamọ́ láìsí UPS tàbí inverter.

Ohun tí RAID kò lè ṣe

Ẹni tó bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́ lórí RAID 1, orí dísìkì méjèèjì ló ti pa á rẹ́. Olè tó bá gbé àpótí náà, gbogbo dísìkì ló gbé. Ikú dísìkì nìkan ni RAID ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, bí owó dísìkì 3 bá wà lọ́wọ́, èmi kì í fi gbogbo rẹ̀ ṣe RAID 5. Méjì ni mo fi ṣe RAID 1 nílé; ìkẹta ni mo ń da ẹ̀dà sí lóṣooṣù, ilé ẹ̀gbọ́n mi ló sì ń gbé. Bí àyè kò bá tó, ẹ ra dísìkì 2 tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá nílò àyè púpọ̀ gan-an, ẹ lo dísìkì 4 fún RAID 6, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ìta ṣì gbọ́dọ̀ wà.

Lákòótán, ẹ ṣètò kọ̀ǹpútà náà kó máa fi ímeèlì ránṣẹ́ bí dísìkì kan bá kú. Nítorí pé iṣẹ́ kò dúró, ó rọrùn kí ọ̀kan ti kú látọjọ́ pípẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ilé fura.