Àyànmọ́ ò gbóògùn, ṣùgbọ́n ẹbọ ń kọ́?



Òwe kan kì í wọ́n lẹ́nu àwa ará Ìfira-Àkókó: “Àyànmọ́ ò gbóògùn.” Ìyá kan pa á fún mi nígbà tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní, “Ìyá ọmọ, dìde, gbé e lọ sílé ìwòsàn.”

Odù Ifá jẹ́ 256. Nínú ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ wọn, wọn kì í sọ ìṣòro ẹni tí a dífá fún kí wọ́n dákẹ́; wọ́n á ní kó rúbọ. Bó bá rú u, ó dára fún un. Bó bá kọ̀, ojú rẹ̀ á rí i. Bí àyànmọ́ bá ti parí ohun gbogbo, kí ni ẹbọ wà fún?

Ẹni tó ti sapá tán ni òwe yìí ń tù nínú. Kì í ṣe àwáwí fún ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀.