Kànga àti Sókàwéè Nínú Ọgbà Kan: Èló Ni Yóò Ná Onílé?

Bí ẹni tó fẹ́ kọ́lé bá jókòó láti ṣírò owó, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ńtì, irin, páànù, fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Omi tí yóò máa mu àti ibi tí ìgbẹ́ ilé náà yóò máa lọ kì í sí nínú ìwé ìṣirò títí wọn yóò fi kan páànù mọ́ ilé lórí. Owó á ti tán lọ́wọ́ nígbà náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ onílé ti ń ṣe àdínkù tí kò yẹ kí wọ́n ṣe.

Onílé fúnra rẹ̀ ló ni ìnáwó méjèèjì lónìí. Láti ọdún 1942 ni ilé iṣẹ́ omi Ẹlẹ́yẹlé ti wà n'Ìbàdàn, ti Aṣẹ́jírẹ́ sì tẹ̀lé e ní àwọn ọdún 1970, ṣùgbọ́n páìpù ìjọba kò lè sáré bá àwọn ilé tuntun tó ń hù bí olú lẹ́yìn ìlú. L'Ékòó, agbépòó tó ń ru ìgbẹ́ lóru ti di ìtàn. Kòtò inú ọgbà ló gba ipò rẹ̀.

Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pinnu iye tí omi yóò ná èèyàn. Ìbàdàn, Òṣogbo, Iléṣà, Adó-Èkìtì àti Àkúrẹ́ jókòó lórí àpáta. Èkó, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti púpọ̀ nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀bú jókòó lórí yanrìn àti amọ̀. Níbi tó jẹ́ àpáta, omi kì í sí níbi gbogbo. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta náà mọ́lẹ̀ ló ń wà, tàbí inú sísán tó wà lára àpáta gan-an. Ìdí nìyí tí kànga aládùúgbò fi lè kún dẹ́nu, kí tẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ má sì rí ẹ̀kán omi kan. Níbi tó jẹ́ yanrìn, omi kì í ṣòro rí, ṣùgbọ́n ó lè pọ́n nítorí irin tó wà nínú ilẹ̀, tí yóò sì máa ba aṣọ funfun jẹ́. Bí ibẹ̀ bá sún mọ́ òkun tàbí ọ̀sà, ó lè jẹ́ omi iyọ̀, èyí tó máa ń fipá mú onílé láti gbẹ́ ẹ jìn ju bó ṣe rò lọ.

Kànga tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ ló dínwó jù. Bó bá ṣe jìn tó ni owó àwọn agbẹ́kànga ṣe ń gòkè, owó rìǹgì kọnkéré sì tún wà níbẹ̀ fún ibi tí ilẹ̀ bá ti ń ya. Ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga lóṣù Keje, nígbà tí òjò ti rọ dáadáa, yóò rí omi kíákíá, yóò sì rò pé òun rí owó fi pamọ́. Tó bá di oṣù Kìíní, ó lè máa wo ìsàlẹ̀ kànga gbígbẹ. Ìparí ọ̀gbẹlẹ̀, nǹkan bí oṣù Kejì sí oṣù Kẹta, ni ó dára jù, torí pé omi tí wọ́n bá bá nígbà náà kò ní sá lọ.

Ní ti bọhóòlù, lórí àpáta n'Ìbàdàn, mílíọ̀nù kan náírà kò tó o mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ihò nìkan kọ́ ni wọ́n ń sanwó fún. Owó àyẹ̀wò ilẹ̀ wà, ti páìpù wà, ti ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè, wáyà rẹ̀, táǹkì àti irin tí táǹkì yóò jókòó lé, lẹ́yìn èyí ni iná tàbí jẹnẹrétọ̀ tí yóò máa gbé e ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ náà láti òkè òkun ni. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi náírà sílẹ̀ fún ọjà lóṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 470 náírà ní báńkì ti kọjá 1,500 náírà kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí. Ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ náà sì ń mu dísù gan-an. Iye tí ẹlòmíì bá san lọ́dún 2022 kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fi ṣírò mọ́.

Àyẹ̀wò ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń fò kọjá, òun ló sì yẹ kí wọ́n ṣe kọ́kọ́ níbi tó bá jẹ́ àpáta. Bí àwọn agbẹ́lẹ̀ bá gbẹ́ ẹ tí omi kò sí níbẹ̀, wọn yóò ṣì béèrè owó iṣẹ́ wọn, nítorí náà ó yẹ kí àdéhùn lórí èyí wà nínú ìwé kí ẹ̀rọ tó dé. Ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú pé wọn yóò fi sìmẹ́ńtì dí etí páìpù lókè, kí omi ìdọ̀tí má baà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni, àwọn kan sì máa ń fò ó.

Ti ìgbẹ́ wá kù. Kòtò méjì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sókàwéè ni gbogbo ayé ń pè é. Àkọ́kọ́ ni táǹkì tí ìgbẹ́ ń wọ̀ láti inú ilé: èyí tó wúwo yóò rọ̀ sísàlẹ̀, ọ̀rá yóò léfòó, kòkòrò inú rẹ̀ yóò sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Omi àárín nìkan ló yẹ kó jáde sínú kòtò kejì, tí ilẹ̀ yóò ti mu ún. Táǹkì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tó fẹ̀ ní 4, tó sì jìn ní 6, lè gba ìdílé kan. Ògiri rẹ̀, pẹ̀lú ògiri àárín, jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 168 níbùú-lóròó. Búlọ́ọ̀kù oníǹṣì 9 kan ń bo ẹsẹ̀ bàtà kan àti díẹ̀, èyí túmọ̀ sí búlọ́ọ̀kù bí 150, yàtọ̀ sí èyí tó lè fọ́. Ẹ wá fi kọnkéré ilẹ̀, ti ìdérí, irin, páìpù, rírẹ́ ara ògiri àti owó bíríkìlà kún un. Lóṣù Kejì ọdún 2024, àpò sìmẹ́ńtì kan kọjá 10,000 náírà láwọn ibì kan.

Níbí ni ọgbọ́n burúkú ti ń wọlé. Àwọn onílé kan á ní kí bíríkìlà má da kọnkéré sí ìsàlẹ̀ táǹkì, kí ilẹ̀ lè máa fa gbogbo rẹ̀, kí ó má baà kún láé. Òótọ́ ni pé kò ní tètè kún. Ìgbẹ́ tí kò tíì jẹrà ló ń wọlẹ̀ lọ tààrà, kànga ló sì ń dé. Òfin omi mímu ilẹ̀ Nàìjíríà kò fàyè gba kòkòrò ìgbẹ́ kankan nínú mìlílítà 100 omi. Nígbà tí àrùn onígbáméjì jà l'Ékòó lóṣù Kẹfà ọdún 2024, omi tó ní ìdọ̀tí wà lára ohun tí àwọn elétò ìlera kìlọ̀ fún aráàlú nípa rẹ̀.

Mítà 30 ni wọ́n sábà máa ń ní kó wà láàárín kòtò ìgbẹ́ àti omi mímu. Ẹsẹ̀ bàtà 98 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ púlọ́ọ̀tì tí ọ̀pọ̀ ń rà kò ju 50 sí 100 lọ! Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kí kànga wà ní igun kan níwájú, kí sókàwéè sì wà ní igun tó dojú kọ ọ́ lẹ́yìn, yóò sì sún mọ́ iye náà. Ṣùgbọ́n bí onílé ẹ̀yìn bá ti gbẹ́ kànga tirẹ̀ sí ẹ̀bá ògiri yẹn, òun ni yóò mu ún. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọgbà ẹnì kan, ìpàdé àwọn onílé àdúgbò ló yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́: kí gbogbo kànga wà níwájú, kí gbogbo sókàwéè wà lẹ́yìn. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀, apá òkè ni kànga ń gbé. Àwọn onílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì lè dá owó gbẹ́ bọhóòlù kan ṣoṣo, èyí tó sàn ju kí olúkúlùkù gbẹ́ èyí tí kò jìn tó.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, táǹkì náà yóò fẹ́ kí ọkọ̀ wá kó o. Kí onílé tó mọ ògiri ẹ̀yìn, kí ó wọn bí páìpù ọkọ̀ náà yóò ṣe dé ibẹ̀, kí ó sì fi ẹnu sílẹ̀ lórí ìdérí, tí wọn kò ní fọ́ kọnkéré kí wọ́n tó rí i ṣí.