Ìmọ̀ Irin Ń Bẹ Lọ́wọ́ Àgbà

Bí ẹ bá rìn dé ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ìlú wa àtijọ́, ẹ lè rí ìdàrọ́ nílẹ̀: ó dúdú, ó wúwo, ihò sì wà lára rẹ̀ káàkiri. Ìdọ̀tí tó ṣàn jáde ni, láyé ìgbà tí àwọn baba wa ń yọ irin láti inú òkúta. Agboolé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí mi sí, mo sì fẹ́ ẹwìrì fún bàbá mi. Ṣùgbọ́n irin ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ni bàbá mi fi ń rọ ọkọ́ àti àdá. Kò sẹ́ni tó yọ irin láti inú òkúta lójú mi rí. Nígbà tí mo di olùkọ́ kẹ́mísírì, ìléru àwọn ará Yúróòpù ni mo ń yà sójú pátákó, torí òun ló wà nínú ìwé.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Buhaya, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Tàǹsáníà, fi wọ̀ mí lọ́kàn. Àwọn àgbà Haya, àwọn tó ń gbé ibẹ̀, sọ fún Peter Schmidt, awalẹ̀pìtàn ará Amẹ́ríkà, pé alágbẹ̀dẹ ti ṣiṣẹ́ nígbà láéláé nídìí igi kan tí wọ́n ń pè ní Kaiija. Schmidt àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ walẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì bá ẹ̀rí iṣẹ́ irin lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kòtò, ìdàrọ́ àti àfọ́kù amọ̀ kò lè sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ kó sínú kòtò? Ọ̀nà wo ni afẹ́fẹ́ gbà wọlé?

Ní 1976, wọ́n bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n tún un ṣe. Ó ti pẹ́ tí irin òyìnbó ti gba ọjà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀dọ́ ni wọ́n nígbà tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn. Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ kò yọrí sí rere. Wọn kò jáwọ́. Wọ́n ń ṣe é, wọ́n ń rántí, títí irin fi jáde.

Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n fi amọ̀ òkìtì ọ̀gán rẹ́ inú rẹ̀, torí amọ̀ náà ń fara da iná. Wọ́n kó esùsú etí àbàtà sínú rẹ̀, wọ́n sun ún títí ó fi di èédú. Wọ́n wá fi ìdàrọ́ àtijọ́ àti amọ̀ ọ̀gán mọ ìléru sórí kòtò, ó ga ju mítà kan lọ. Wọ́n ki àwọn ọ̀pá amọ̀ oníhò bọ inú iná, ẹwìrì sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú wọn. Èédú ń wọlé, òkúta irin ń wọlé, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lára ẹwìrì.

Kẹ́mísírì rẹ̀ rèé. Inú òkúta irin, irin àti ọ́síjìn ló so pọ̀. Èédú tó ń jó nínú ìléru ń mú gáàsì kan jáde tó ń gba ọ́síjìn náà kúrò lára irin. Irin fúnra rẹ̀ kì í yọ́ àfi bí ooru bá tó ìwọ̀n 1,538 sẹ́ńtígíréèdì. Ìdọ̀tí ló ń yọ́ ṣáájú, tó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀. Irin yóò wá kù bíi kànrìnkàn, òòlù alágbẹ̀dẹ ni yóò sì lù ú di líle.

Schmidt àti Donald Avery, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbé ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 1978. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ti ń gbóná nínú ọ̀pá amọ̀ kó tó dé inú iná. Àwọn onímọ̀ mìíràn bá wọn jiyàn lórí èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kan wà tó dá mi lójú: esùsú inú kòtò máa ń fi àpá sára ìdàrọ́, irú àpá bẹ́ẹ̀ sì wà lára ìdàrọ́ àtijọ́ tí wọ́n hú nílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbà ló jẹ́ kí a mọ ohun tí àpá náà ń sọ.

Ní Banjeli, ní ilẹ̀ Bassar ní Tógò, àwọn àgbà tún ìléru dáná ní 1985, àwọn onítàn Candice Goucher àti Eugenia Herbert sì fi ṣe fíìmù. Ìléru tiwọn kò lo ẹwìrì rárá: ó ga, ihò ìdí rẹ̀ ló sì ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ètùtù àti èèwọ̀ bá iṣẹ́ náà rìn, bí Ògún ṣe ní tirẹ̀ nídìí owú wa.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ní 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ C. V. Bellamy kọ̀wé nípa abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti ń yọ irin. Àwọn tó ṣe é nígbà náà ti kú, kò sí ẹni tí a lè bẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá amọ̀kòkò wà, aláró wà, àwọn tó ń hun òfì wà. Ẹ má kàn fi fóònù ya àwòrán wọn. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ọmọ yín po amọ̀, kó rẹ aṣọ sínú aró, kó bà á jẹ́, kó sì tún un ṣe. Àwọn àgbà Haya ti fi hàn pé ohun tí àgbà gbàgbé, ọwọ́ rẹ̀ lè rán an létí bó bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ tọ̀ wọ́n lọ nígbà tí ọwọ́ náà ṣì lágbára.