Sójà Lọ, Epo Ṣẹ́kù: Bí Ogun Ṣe Ń Rí Nígbà Tí Olùrànlọ́wọ́ Bá Dáwọ́ Dúró

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1989, Ọ̀gágun Boris Gromov fẹsẹ̀ rìn kọjá afárá orí odò Amu Darya, ó bọ́ sí Termez tó wà lábẹ́ Soviet Union nígbà náà. Bí ogun tí àwọn sójà Soviet gbé wọ Afghanistan ní ìparí ọdún 1979 ṣe parí fún wọn nìyẹn. Ààrẹ Najibullah tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Kabul, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wo ọ̀rọ̀ náà láti òkèèrè ló sọ pé oṣù díẹ̀ ló kù fún un lórí àlééfà. Ó lé ní ọdún mẹ́ta kó tó ṣubú.

Nígbà tó di 2021, Amẹ́ríkà náà palẹ̀ mọ́ kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí kan náà lẹ́yìn ogún ọdún. Ìjọba tí wọ́n ń tì lẹ́yìn kò dúró kí wọ́n lọ tán. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ni àwọn ajagun Taliban tó ń bá ìjọba náà jà wọ Kabul. Ọjọ́ 30 oṣù náà ni sójà Amẹ́ríkà tó kẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ bàálù.

Àlàyé tí a sábà ń gbọ́ ni pé àwọn ọmọ ogun Afghanistan kò fẹ́ jà fún ìlú wọn. Mi ò gbà á. Láàárín ogún ọdún yẹn, sójà àti ọlọ́pàá Afghanistan tó kú sógun náà lé ní 60,000. Ẹni tí kò fẹ́ jà kì í kú tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ ká tú wò ni ohun tó ń jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ogun gan-an, nítorí sójà nìkan kọ́ ló wà nínú rẹ̀.

Sójà ni ojú ń rí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni epo wà, àti ọta, àti páàtì, àti àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni owó tí wọ́n fi ń san owó oṣù. Olùrànlọ́wọ́ lè kó sójà rẹ̀ lọ kó sì fi ìyókù sílẹ̀, ohun tí Moscow sì ṣe ní 1989 nìyẹn. Wọ́n kó àwọn ọmọ wọn lọ, ṣùgbọ́n bàálù ẹrù wọn kò yé balẹ̀ ní Kabul: epo, oúnjẹ, ọta, rọ́kẹ́ẹ̀tì Scud, owó. Iye tí wọ́n sábà máa ń ṣírò rẹ̀ sí ni nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ́dún. Nígbà tí àwọn mujahideen, àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí Amẹ́ríkà àti Pakistan ń tì lẹ́yìn, kógun ja Jalalabad ní oṣù Kẹta 1989, wọn kò rí ìlú náà gbà. Àwọn ọmọ ogun Najibullah ló lé wọn padà.

Ohun tó pa ìjọba yẹn dé lẹ́yìn náà. Ní oṣù Kẹjọ 1991, àwọn kan gbìyànjú láti gbàjọba ní Moscow, wọ́n kùnà, Soviet Union fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e, James Baker, akọ̀wé àgbà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Amẹ́ríkà, àti Boris Pankin tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ ní Moscow, fẹnu kò pé kí apá méjèèjì dá ohun ìjà tí wọ́n ń kó lọ sí Afghanistan dúró láti ọjọ́ kìíní ọdún 1992. Ìgbà òtútù ni àdéhùn náà mú wọn ní Kabul. Epo wọ́n, àwọn bàálù ogun kò sì rí i mu mọ́.

Síbẹ̀, bàálù kọ́ ló kọ́kọ́ já Najibullah jù sílẹ̀. Abdul Rashid Dostum ni, ọ̀gá ẹgbẹ́ ajagun kan ní apá àríwá, ẹni tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń jẹ láti ọwọ́ ìjọba Kabul. Ìgbà tí owó kò wá déédéé mọ́, ó bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ dòwò pọ̀. Ní oṣù Kẹta 1992, Mazar-i-Sharif bọ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ní oṣù Kẹrin, Najibullah fẹ́ sá lọ, àwọn ọmọ Dostum sì dí i lọ́nà pápákọ̀ òfuurufú. Ó sá sí ọgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ibẹ̀ ló wà títí Taliban fi wá fà á jáde pa ní 1996.

Nǹkan bí oṣù mẹ́rin péré ni ìjọba rẹ̀ là á já láìsí epo àti owó Moscow.

Ní ti 2021, àdéhùn Doha ni kí a wò, èyí tí Amẹ́ríkà bá Taliban ṣe ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì 2020 láìjẹ́ pé ìjọba Kabul wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ kò mọ sórí sójà. Wọ́n dárúkọ àwọn olùkọ́ni, àwọn olùdámọ̀ràn àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ń ṣe iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́, pé gbogbo wọn ni kó máa lọ. Gbólóhùn kan yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi nínú ìwé náà, àwọn èèyàn kò sì fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo hẹlikópítà wọn. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn awakọ̀ òfuurufú Afghanistan ti mọ Mi-17 tí Rọ́ṣíà ṣe. Wọ́n mọ bó ṣe ń fò nínú òkè, mẹkáníìkì wọn sì lè ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ fúnra wọn. Láti nǹkan bí ọdún 2017, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi Black Hawk tirẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀, torí wọn kò fẹ́ máa ra nǹkan lọ́wọ́ Rọ́ṣíà mọ́. Hẹlikópítà tó dára ni, àmọ́ rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Àtúnṣe Black Hawk ju ohun tí wọ́n tíì kọ́ lọ, àwọn òṣìṣẹ́ àjèjì tí wọ́n háyà ló ń ṣe é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, àwọn ológun Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù sọ fún SIGAR, ọ́fíìsì tó ń tọpinpin bí wọ́n ṣe ń náwó níbẹ̀, pé bí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí bá kúrò, kò sí irú bàálù kankan tí yóò wúlò fún ìjà ju oṣù díẹ̀ lọ. Wọ́n mọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ náà sì lọ tán, orí fídíò íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń júwe iṣẹ́ fún mẹkáníìkì tó dúró ti ẹ́ńjìnnì ní Afghanistan.

Kí ni bàálù wá jẹ́ fún sójà kan tó wà ní àgọ́ lórí òkè? Taliban ló ni ọ̀nà. Nítorí náà, òkè ni omi rẹ̀ ti ń wá, òkè ni oúnjẹ àti ọta rẹ̀ ti ń wá, òkè náà ni wọ́n ń gbé e gbà tí ìbọn bá bà á. Ọjọ́ tí bàálù kò bá wá, ebi ni yóò máa bá ọ̀tá jà pẹ̀lú. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá a dé yìí ni àwọn àgbà abúlé máa ń gbé iṣẹ́ Taliban dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: gbé ìbọn sílẹ̀, gba owó ọkọ̀, máa lọ sílé. Irú ìdúnàádúrà bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti 2020, ní kété lẹ́yìn àdéhùn Doha. Nígbà tó fi di ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 2021 tí Zaranj ṣubú, olú ìlú ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bọ́, ìdúnàádúrà ti jẹ orílẹ̀-èdè náà tán nínú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀, Ààrẹ Ashraf Ghani sá lọ.

Ọ̀tá náà máa ń ṣírò tirẹ̀. Afghanistan nìkan kọ́ ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ní Gúúsù Vietnam tí Amẹ́ríkà ń tì lẹ́yìn, sójà Amẹ́ríkà tó ń jà kúrò ní oṣù Kẹta 1973, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì sì gé owó ìrànwọ́ ológun sí 700 mílíọ̀nù dọ́là ní 1974, lásìkò tí epo ti gbówó lórí káàkiri ayé. Àwọn ará Hanoi, olú ìlú Àríwá Vietnam tó ń bá Gúúsù jà, wá dán an wò: wọ́n gba ìpínlẹ̀ Phuoc Long ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní 1975. Bàálù Amẹ́ríkà kankan kò wá. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ni Saigon, olú ìlú Gúúsù, ṣubú.

Mi ò sọ pé kí Amẹ́ríkà má kúrò o. Ogun tí kò lópin ń pa ọmọ ọlọ́mọ, àti nígbà tí ìbọn dáwọ́ dúró lẹ́yìn 2021, iye aráàlú tí ogun ń pa já wálẹ̀ gan-an. Àwọn abúlé kan sun oorun tí wọn kò tíì sùn láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n fi ogún ọdún kọ́ ọmọ ogun tí kò lè fò, tí kò lè jẹun láìsí wọn, ó sì tún wá ń yà wọ́n lẹ́nu pé ó ṣubú.

Ìṣubú kì í mú ìfọ̀kànbalẹ̀ wá fún gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn 1992, àwọn mujahideen tó jùmọ̀ lé Najibullah kọjú ìbọn síra wọn nínú Kabul fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ àdúgbò di òkìtì àlàpà. Lẹ́yìn ìṣubú 2021, Taliban ti ilé ìwé girama mọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ohun ìjà náà kì í bá olówó rẹ̀ lọ: Amẹ́ríkà ṣírò pé iye èyí tó kù sí Afghanistan lé ní bílíọ̀nù méje dọ́là. Àwọn awakọ̀ òfuurufú fi bàálù àti hẹlikópítà 46 sá lọ sí Uzbekistan, pẹ̀lú àwọn èèyàn tó lé ní 500, wọ́n sì balẹ̀ sí Termez, ìlú tí Gromov bọ́ sí yẹn gan-an.

Owó ló wá kàn. Kí Kabul tó ṣubú, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo ohun tí ìjọba ń ná ló ń wá láti òkèèrè. Ìyẹn dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Amẹ́ríkà sì ti ìpamọ́ bánkì àgbà Afghanistan tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ pa, nǹkan bíi bílíọ̀nù méje dọ́là. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti dókítà tí kò gbé ìbọn rí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ láìrí owó oṣù gbà. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2022, UNICEF ló bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn olùkọ́ ilé ìwé ìjọba lówó, 100 dọ́là fún oṣù kọ̀ọ̀kan, fún oṣù méjì.